Eré ìbọn yíyìn ní ilẹ̀ Faransé: eélòó ló ń náni lọ́dún kan?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu, torí pé ọ̀rọ̀ owó tí ìbọn yíyìn ń jẹ ni. A kò sọ̀rọ̀ ogun, a kò sì sọ̀rọ̀ adigunjalè. Eré ìdárayá là ń sọ, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní tir sportif. Àwọn ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún ti ń bá wọn ṣe é, àwọn òbí sì ń sanwó rẹ̀ láìmọ ọ̀nà tí owó náà ń gbà lọ.

Ohun tó gbé e wá nìyí. Lóṣù Kejì ọdún, obìnrin kan tí a jọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ nígbà kan rí, tó ti ń gbé ní Faransé pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ, pè wá lórí fóònù. Ó ní: «Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i. Ọmọ yìí àti bàbá rẹ̀ kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ láti Sátidé.»

Ọmọ náà jẹ́ ẹni ọdún 13. Lóṣù Kẹsàn-án ó wọ ẹgbẹ́ àwọn ayìnbọn kan ní àdúgbò wọn. Bàbá rẹ̀ san 200 yúrò, inú rẹ̀ sì dùn, ó ní ọmọ òun kò ní máa jókòó ti fóònù mọ́. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n ṣe, wọ́n mú un lọ sí ìdíje. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di oṣù Kìíní, owó ti ń jáde ní kékeré kékeré: ti ọta, ti epo ọkọ̀, ti orúkọ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìdíje. Bàbá náà sì ní ìyá kan ní Kétu tó ń fi 50 yúrò ránṣẹ́ sí lóṣooṣù. Oṣù méjì tẹ̀ léra, owó Màmá kò lọ. Ni bàbá bá fi ìbínú sọ pé: «Owó ìyá mi ni ẹ fi ń yìnbọn. Ó tó!» Ó ní kí ọmọ má lọ mọ́.

A sọ fún un pé: «Àbúrò, kì í ṣe ìjà nìyí, ìṣirò ni.» Ìṣirò tí a bá wọn ṣe lọ́jọ́ náà la fẹ́ ṣe fún yín níbí, torí a mọ̀ pé àwọn nìkan kọ́ ló kàn.

Irú eré wo ni?

Ní ọ̀dọ̀ wa, ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀ẹ́, bí a bá ti gbọ́ ìbọn, ọdẹ ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Ọdẹ ń wá ẹran. Ẹni tó ń ṣe eré yìí kò wá nǹkan kan bí kò ṣe kí ọta rẹ̀ bọ́ sí àárín àmì, kó sì tún bọ́ síbẹ̀, kó tún bọ́ síbẹ̀. Eré àtijọ́ ni. Ó wà nínú ìdíje Olympic láti ìgbà àkọ́kọ́ ti ayé òde òní, ní Athens lọ́dún 1896. Nígbà tí Olympic wáyé ní Paris lọ́dún 2024, ìlú Châteauroux, tó ju 200 kìlómítà lọ sí Paris, ni wọ́n ti yin ìbọn, ní ibùdó ńlá tí àjọ eré náà ní Faransé ní níbẹ̀.

Oríṣi rẹ̀ pọ̀, ìyàtọ̀ oríṣi yìí ló sì ń pinnu owó. Mẹ́rin la máa mẹ́nu bà:

Èkíní ni ìbọn afẹ́fẹ́, ìléwọ́ tàbí gígùn, tí wọ́n ń yìn láti 10 mítà. Ọta rẹ̀ jẹ́ òjé kékeré tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mìlímítà 4,5 lọ. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún sínú ìgò kékeré ló ń tì í jáde, kò sí ẹ̀tù níbẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọdé ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Èkejì ni ìbọn ọta kékeré tí wọ́n ń pè ní 22 LR. Wọ́n ń yin ìléwọ́ rẹ̀ láti 25 mítà, wọ́n sì ń yin gígùn rẹ̀ láti 50 mítà. Ẹ̀tù ló ń lò.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n ń fi ìbọn ọlọ́nà méjì bí ti ọdẹ yìn. Ẹ̀rọ kan ń ju àwo pẹlẹbẹ sókè, ayìnbọn á sì fọ́ ọ kó tó balẹ̀. Ball-trap ni àwọn Faransé ń pè é.

Ẹ̀kẹrin ni ti ìléwọ́ ńlá, bíi ti 9 mìlímítà, tí ayìnbọn á máa sáré láti ibì kan dé ibòmíràn, á máa yìn, wọ́n á sì máa ka ìṣẹ́jú àáyá rẹ̀.

Apá mẹ́ta ni owó náà pín sí

Àṣìṣe tí bàbá ọmọ yìí ṣe, ọ̀pọ̀ wa là ń ṣe é. Owó tí wọ́n béèrè lẹ́nu ọ̀nà ló kà sí owó eré náà. Bẹ́ẹ̀, owó ẹnu ọ̀nà lásán ni. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí irú eré báyìí ń náni, ẹ jẹ́ ká pín in sí mẹ́ta: owó tí à ń san lẹ́ẹ̀kan, owó tí à ń san lọ́dọọdún, àti owó tí à ń san nígbàkigbà tí a bá ti yìnbọn.

Owó tí à ń san lẹ́ẹ̀kan ni ìbọn fúnra rẹ̀, aṣọ, awò, ìbòtí, àti àpótí irin. Òun ló máa ń dẹ́rù bani. Ìléwọ́ afẹ́fẹ́ tuntun tí wọ́n fi ń díje lè tó 1500 yúrò, ó sì lè ju 2000 lọ. Ẹni tó bá gbọ́ èyí á ní, «Ha! Owó kẹ̀kẹ́ alùpùpù rèé.» Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, ìbọn ẹgbẹ́ ni ẹni tuntun ń lò ní ọdún àkọ́kọ́. Àlòkù tó dára sì wà. Ká sọ pé ẹ ra àlòkù 900 yúrò, ẹ lò ó fún ọdún 8, ẹ wá tà á ní 300. Ohun tó ná yín ni 600. Ẹ pín in sí ọdún 8, ó di 75 yúrò lọ́dún. Ìbọn tó ń dẹ́rù bà yín, òun ni kò jẹ owó jù!

Ìkìlọ̀ kan wà níbẹ̀ o. Ìgò afẹ́fẹ́ tó wà lára ìbọn náà ní ọjọ́ orí. Bó bá ti pé ọdún 10, kò yẹ kí wọ́n lò ó mọ́, wọn kì í sì í gbà á ní ìdíje. Wọ́n máa ń kọ déètì sí ara rẹ̀. Ẹni tó bá ra àlòkù láìwo déètì yìí á tún ra ìgò tuntun.

Ẹ tún ṣàkíyèsí ìyàtọ̀ kan láàárín ìléwọ́ àti gígùn. Ẹni tó ń yin ìléwọ́ afẹ́fẹ́, ọwọ́ kan ló fi ń mú un, aṣọ ara rẹ̀ ló sì ń wọ̀. Ẹni tó ń yin ìbọn gígùn ń wọ jákẹ́ẹ̀tì líle, ṣòkòtò líle, bàtà àkànṣe àti ìbọ̀wọ́, kí ara rẹ̀ má baà mì. Àròpọ̀ aṣọ wọ̀nyí lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún yúrò, ọmọ tó ń dàgbà á sì tóbi jù ú lọ láàárín ọdún méjì. Òbí tó bá ní ọmọ ọdún 13, kó ronú sí èyí dáadáa.

Owó ọdọọdún: ilẹ̀kùn tí kì í ṣí láìsan

Owó kejì ni ti ọdọọdún. Ní Faransé, Fédération Française de Tir ló ń bójú tó ọ̀pọ̀ nínú oríṣi eré yìí. Ọdún eré wọn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án, ó sì parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ. Ẹni tó bá fẹ́ yìnbọn á gba ìwé licence láti ọwọ́ ẹgbẹ́, á sì san owó ẹgbẹ́ pọ̀ mọ́ ọn. Iye rẹ̀ yàtọ̀ láti ẹgbẹ́ dé ẹgbẹ́. Láàárín 150 sí 250 yúrò ni ọ̀pọ̀ ń gbà, ti ọmọdé sì máa ń dín díẹ̀. Ẹgbẹ́ tó wà nínú ìlú ńlá lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dókítà gbọ́dọ̀ kọ ìwé ẹ̀rí pẹ̀lú, ẹ fi owó rẹ̀ kún un.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbi òfin, torí òfin pẹ̀lú ń náni lówó. Ìpele mẹ́rin ni Faransé pín ohun ìjà sí: A, B, C àti D. Ìbọn afẹ́fẹ́ tí agbára rẹ̀ kò tó 20 joule wà ní ìpele D, ẹni tó ti pé ọdún 18 sì lè rà á láìgba àṣẹ lọ́dọ̀ préfecture. Ìbọn gígùn 22 LR tí wọ́n ń fi ọwọ́ kó ọta sí lọ́kọ̀ọ̀kan, àti ìbọn ọlọ́nà méjì ti ball-trap, ìpele C ni wọ́n wà. Ẹ gbọ́dọ̀ kéde wọn fún ìjọba. Ìléwọ́ tó ń lo ẹ̀tù, ì báà jẹ́ 22 LR, ì báà jẹ́ 9 mìlímítà, ìpele B ló wà. Préfecture ló ń fúnni láṣẹ rẹ̀. Ọdún 5 ni àṣẹ náà ń lò, ó sì di dandan kí ìbọn náà wà nínú àpótí irin tó ní kọ́kọ́rọ́ tó dájú.

Ibi tó yẹ kí etí wa ṣí sí nìyí: àṣẹ ìpele B so mọ́ licence. Ẹni tí kò bá tún licence rẹ̀ ṣe mọ́, ẹ̀tọ́ láti ní ìbọn náà ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó ra ìléwọ́ 9 mìlímítà kò ra ìbọn nìkan, ó ra owó ọdọọdún mọ́ ọn. Kò lè sọ pé ọdún yìí owó kò sí, òun á sinmi, ìbọn á wà nílé dè òun. Ẹni tó ní ìbọn afẹ́fẹ́ lè sinmi bẹ́ẹ̀.

Owó tó ń jáde pẹ̀lú ọta kọ̀ọ̀kan

Àwọn àgbà wa ní díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Owó kẹta nìyẹn. Ọta kan kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ta ló ń yin ọta kan?

Ní ìdíje àgbà ti ìbọn afẹ́fẹ́ 10 mítà, 60 ọta ni wọ́n ń yìn láàárín wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15. Kí ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n yìn, ó gbọ́dọ̀ máa fi ara rẹ̀ dán an wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ká sọ pé ó ń yin 80 ọta lọ́sẹ̀ kan, pẹ̀lú àwọn tó fi ń mú ojú bọ̀ sípò. Láti oṣù Kẹsàn-án dé oṣù Kẹfà, ká ka ọ̀sẹ̀ 40. 80 lọ́nà 40 jẹ́ 3200 ọta. A ó lo 3200 yìí fún oríṣi méjì àkọ́kọ́ kí ẹ lè rí ìyàtọ̀. Iye owó tí a fẹ́ lò jẹ́ ti àpẹẹrẹ, ó sún mọ́ ohun tí wọ́n ń tà á lọ́jà. Ti ọ̀dọ̀ yín lè lé díẹ̀ tàbí kó dín.

Ọta òjé ti ìbọn afẹ́fẹ́: agolo kan tó ní 500 nínú, tó dára, ká pè é ní 12 yúrò. Ọta kan kò ju sàǹtíìmù 2 àti díẹ̀ lọ. Fún 3200, ẹ ó ra agolo 7. Àròpọ̀ jẹ́ 84 yúrò.

Ọta 22 LR: ká pè é ní sàǹtíìmù 20 lọ́kọ̀ọ̀kan. 3200 di 640 yúrò. Ẹni kan náà, ọ̀sẹ̀ kan náà, iye ọta kan náà, owó sì ti ju ìlọ́po 7 lọ.

Ball-trap: àwo 25 ni ìpele kan. Ká sọ pé ẹgbẹ́ gba 7 yúrò fún àwo 25, tí páálí cartouche 25 sì jẹ́ 9 yúrò. Ìyẹn 16 yúrò fún ìpele kan. Ẹni tó ń yin ìpele 4 lọ́sẹ̀ kan ń san 64 yúrò. Lọ́nà 40, ó di 2560 yúrò. A kò tíì ka ìbọn, a kò tíì ka epo ọkọ̀. Nínú oríṣi tí wọ́n ń yìn ní Olympic, tí wọ́n ń pè ní fosse olympique, wọ́n tiẹ̀ gba ayìnbọn láyè láti yin ọta méjì sí àwo kan, nítorí náà cartouche lè ju àwo lọ. Àwo 125 ni wọ́n ń yìn kí wọ́n tó mọ ẹni tó wọ àṣekágbá.

Ìléwọ́ 9 mìlímítà ti eléré sísáré: ká pè é ní sàǹtíìmù 30 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n 80 kì í tó àwọn wọ̀nyí. Nínú òfin eré wọn, ọ̀nà kúkúrú kan lè gba ọta 12, àárín gbà 24, gígùn gbà 32. Ọ̀nà kúkúrú 3, àárín 2, gígùn 1, ẹ ti yin 116 láàárọ̀ ọjọ́ kan. Bí ẹnì kan bá ń yin 150 lọ́sẹ̀, 6000 ni lọ́dún. Ìyẹn 1800 yúrò. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń fúnra wọn kún ikarahun ọta nílé kí owó lè dín.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí owó tiwa. Láti ọdún 1999, yúrò kan dúró sórí 655,957 sẹ́fà, kò yẹ̀. Ní owó sẹ́fà, ohun tí ọta àti àwo nìkan ń jẹ lọ́dún rèé:

Ìbọn afẹ́fẹ́: nǹkan bí 55 000.
22 LR: nǹkan bí 420 000.
9 mìlímítà: nǹkan bí 1 181 000.
Ball-trap: nǹkan bí 1 679 000.

Ẹ wò ó dáadáa. Ẹni méjì lè sọ pé eré kan náà làwọn ń ṣe, kí ti ẹnì kan sì tó ìlọ́po 30 ti ẹnì kejì. Kò sí ẹni tó lè dá yín lóhùn tí ẹ bá béèrè pé, «Eélòó ni ìbọn yíyìn?» Ẹ béèrè pé, «Èwo nínú rẹ̀, ọta mélòó sì ni lọ́sẹ̀?»

Owó tí ẹnikẹ́ni kì í sọ

Owó kan wà tí kò sí nínú ìwé ẹgbẹ́, òun ló sì dá ìjà sílẹ̀ nílé àwọn èèyàn wa yìí. Owó ọ̀nà ni. Ìdíje ń bẹ̀rẹ̀ ní département, ó ń gòkè lọ sí région, lẹ́yìn náà ti gbogbo Faransé. Bí ọmọ bá ṣe ń mọ̀ ọ́n ṣe sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà ń jìn sí i. Àṣeyọrí ọmọ gan-an ló ń mú owó wá. Epo ọkọ̀, owó péage, oúnjẹ ọ̀sán, nígbà mìíràn ilé oorun. Àsìkò òtútù sì ni ìdíje ìbọn 10 mítà máa ń pọ̀ jù, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní ni owó ṣú bo bàbá ọmọ yìí, lẹ́yìn ọdún Kérésì tí àpò ti gbẹ.

Ẹ jẹ́ ká to owó ọmọ náà báyìí:

Ẹgbẹ́ àti licence: 200 yúrò.
Dókítà: 30.
Ọta, agolo 7: 84.
Bébà àmì: 30.
Orúkọ fún ìdíje 4, 15 lọ́kọ̀ọ̀kan: 60.
Owó ọ̀nà: ìdíje 2 tó súnmọ́, 30 lọ́kọ̀ọ̀kan; ìdíje 2 tó jìn, 80 lọ́kọ̀ọ̀kan: 220.

Àròpọ̀: 624 yúrò, nǹkan bí 409 000 sẹ́fà.

200 tí bàbá san lẹ́nu ọ̀nà kò tilẹ̀ pé ìdá kan nínú mẹ́ta. Ohun tó sì ń dunni jù ni pé 624 pín sí oṣù 12 jẹ́ 52 yúrò. Owó Màmá ní Kétu jẹ́ 50. Bàbá náà kò parọ́ nígbà tó ní owó ìyá òun ni. Iye owó náà gan-an ni. Ohun tó ṣì í ni pé kò mọ̀ ọ́n ṣáájú, ó kàn rí i pé àpò ń fẹ́lẹ́, ó sì rò pé ọmọ ń náwó ní ìnákúnàá.

Ṣé owó ló ń mú kí ọta bọ́ sí àárín?

Àwọn kan á ní, «Kí ló dé tí ẹ ń ka gbogbo èyí? Ṣebí a rí ọkùnrin ará Tọ́kì yẹn ní 2024, tí kò wọ nǹkan kan?» Yusuf Dikeç ni wọ́n ń sọ. Àwòrán rẹ̀ káàkiri ayé: ẹni ọdún 51, ọwọ́ òsì nínú àpò ṣòkòtò, awò ojú rẹ̀ lásán, ẹ̀wù lásán lọ́rùn. Òun àti Şevval İlayda Tarhan sì gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà fún ìléwọ́ afẹ́fẹ́ 10 mítà ti takọtabo.

Òtítọ́ méjì ló wà nínú àwòrán yẹn. Èkíní, lóòótọ́ ni pé awò olówó iyebíye kọ́ ló ń yìnbọn. Èkejì, ìléwọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ìbọn ọjà lásán, ìléwọ́ ìdíje ni bíi ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Láti Olympic ọdún 2008 ló sì ti ń kópa. Ohun tí a kò rí nínú àwòrán ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọta tó ti yìn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àárín àmì tí ìléwọ́ afẹ́fẹ́ ń wá kò ju mìlímítà 11,5 lọ, láti 10 mítà. Ti ìbọn gígùn afẹ́fẹ́ jẹ́ ìdajì mìlímítà péré, ojú ìdí abẹ́rẹ́! Owó lè ra ìbọn. Ọwọ́ tí kì í gbọ̀n, kò sí níbi tí wọ́n ti ń tà á. Nítorí náà, òbí tí owó rẹ̀ kò pọ̀ kò gbọdọ̀ rò pé ọmọ òun ti pàdánù kó tó bẹ̀rẹ̀. Kó fi owó sí ọta àti ọ̀sẹ̀ tí ọmọ ń lọ, kó fi aṣọ àti ìbọn tuntun sílẹ̀ ná.

Bí owó ṣe lè dín

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ohun tí a sọ fún ìdílé náà nìyí, ó sì lè wúlò fún ẹlòmíràn:

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn afẹ́fẹ́, kí ẹ sì lo ti ẹgbẹ́ fún ó kéré tán ọdún kan. Bí ọmọ bá fẹ́ ìléwọ́ àti gígùn bákan náà, ẹ jẹ́ kó mú ìléwọ́, aṣọ rẹ̀ kò náni ní nǹkan.

Ẹ má ṣe dá wa ọkọ̀ lọ sí ìdíje. Àwọn ọmọ mẹ́rin lè jókòó sínú ọkọ̀ kan, kí òbí máa gbà á ní ìkọ̀ọ̀kan. Owó ọ̀nà 220 á di 55. Àròpọ̀ ọdún á sọ̀ kalẹ̀ láti 624 sí 459 yúrò, nǹkan bí 301 000 sẹ́fà. Ẹ rí i pé 165 yúrò ti padà sílé láìdín ọta kankan kù. Ìyẹn ju owó Màmá fún oṣù mẹ́ta lọ.

Ẹ ra ọta papọ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́. Ẹni tó bá ra agolo púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó máa ń rí i ní iye tó dín.

Ẹ béèrè ìrànlọ́wọ́. Ìjọba Faransé ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Pass'Sport, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2021, láti bá àwọn ìdílé kan san lára owó ẹgbẹ́. Ìlànà rẹ̀ ń yí padà, torí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kí oṣù Kẹsàn-án tó dé. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ sì ń gbà kí òbí san owó náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ẹ bá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìdíje. Kò sí dandan pé kí ọmọ lọ sí gbogbo rẹ̀. Ọmọ lè fi ọdún kan yìnbọn nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ láìjáde lọ síbì kankan. Owó rẹ̀ á jẹ́ 200, 30, 84 àti 30, ìyẹn 344 yúrò, kó sì gbádùn ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin tó ń ronú láti gbé ìbọn wálé fi han àwọn ẹbí: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní carte européenne d'arme à feu tí ayìnbọn fi ń rìn láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù. Kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ìbodè níbí ní òfin tirẹ̀, ẹni tí wọ́n bá sì mú pẹ̀lú ìbọn láìní àṣẹ, ọ̀rọ̀ «eré ìdárayá» kò ní gbà á sílẹ̀. Fọ́tò ti tó fi han Màmá.

Bó ṣe parí

Nígbà tí a ṣe ìṣirò náà tán, bàbá ọmọ dákẹ́ lórí fóònù. Lẹ́yìn náà ó ní, «Bí wọ́n bá ti sọ 600 fún mi lóṣù Kẹsàn-án, mi ò bá ti máa tọ́jú rẹ̀ díẹ̀ díẹ̀.» Gbogbo ọ̀rọ̀ wa nìyẹn. Wọ́n kò rí owó mìíràn, wọ́n kàn to èyí tó wà lọ́wọ́. Ọmọ náà jókòó sílé títí ọdún eré yẹn fi parí, ó sì dùn ún. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹta ni ìyá rẹ̀ ti ń ju 40 yúrò sínú àpòòwé lóṣooṣù. Nígbà tí oṣù Kẹsàn-án tún dé, 240 ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí ìwé ẹgbẹ́. Ọmọ náà padà, pẹ̀lú ìléwọ́ ẹgbẹ́ lọ́wọ́, ó sì ń wọ ọkọ̀ òbí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ìdíje. Owó Màmá sì ń dé Kétu.

Ẹ̀yin òbí, kì í ṣe eré ìbọn nìkan ló rí bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀lù, dùùrù, judo, gbogbo wọn ló ní owó ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n sì ní owó inú ilé. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta yìí: kí ni a ó san lẹ́ẹ̀kan, kí ni a ó san lọ́dọọdún, kí ni a ó san ní gbogbo ìgbà tí ọmọ bá lọ? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ rò ó pọ̀, ẹ pín in sí 12, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ rí iye náà pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Ọmọ ọdún 13 mọ ìṣirò. Ó sàn kó mọ ohun tí ayọ̀ rẹ̀ ń ná ilé, ju kó máa rò pé bàbá òun kò fẹ́ràn òun lọ.